Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Rédíátọ̀, Omi àti Afẹ́fẹ́ Tó Há Sínú Ẹ́ńjìnnì

Lẹ́tà tó wọlé lórí mọ́tò tó ń gbóná pọ̀ lásìkò yìí. Kò yà wá lẹ́nu: ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eruku dí iwájú ọkọ̀ tán, oòrùn oṣù kẹta sì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Márùn-ún nínú wọn la mú síbí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà ọ́tò. Ike orí rédíátọ̀ rẹ̀ ti sán lẹ́bàá ibi tí họ́ọ̀sì òkè ti wọlé, àràárọ̀ ni mo ń bu omi sí i. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún jò. Mo ní sípánà díẹ̀, àyè sì wà nínú ọgbà wa. Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi? — Onímọ́tò kan, Tanke, Ìlọrin

Ẹ lè ṣe é. Ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní lò ju wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin lọ, bí bóòtù kankan kò bá ti dípẹtà. Ẹ fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ike náà máa ń wú tó bá gbóná, á sì fún padà tó bá tutù. Gọ́ọ̀mù le gbagidi, kò lè bá a wú, ìyẹn ló fi ń ṣí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ohun kan ni kí ẹ mú sọ́kàn: títú rédíátọ̀ kì í ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Omi tí ẹ rọ padà, àti afẹ́fẹ́ tí ẹ gbàgbé sínú rẹ̀, ló ń bà á jẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ọ́tò ni jíà yín. Rédíátọ̀ ọkọ̀ ọ́tò ní ẹnu irin kékeré méjì nísàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì jíà ti ń wọlé lọ tutù. Ti mánúà kò ní in. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ ya fọ́tò ti ara ọkọ̀ yín dání, kí ẹ sì fi wé èyí tí ẹ fẹ́ rà: ìbú àti gíga rẹ̀, ibi tí ọrùn họ́ọ̀sì kọjú sí, ẹsẹ̀ méjì tó fi ń jókòó. Tí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú ọrùn. Bí ẹ bá rí èépá funfun tàbí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ìpẹtà lẹ́nu àwọn ihò inú rẹ̀, ẹ dá a padà fún un. Ẹ da omi sí i lókè: bí ó ṣe ń wọlé ni kó máa jáde nísàlẹ̀. Tí ó bá ń kún bọ̀ wá sókè, ó ti dí, ọ̀rọ̀ tó bá ń sọ pé á ṣí tó bá gbóná, ẹ má gbà á gbọ́.

Ẹ ra ọmọrí tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lórí ti àtijọ́, bóyá 0.9 tàbí 1.1, ni kí ẹ rà, ẹ má fi òmíràn dípò. Ọmọrí yìí ló ń ti omi mọ́lẹ̀ tí kì í fi í hó ní 100 (ìwọ̀n ooru Celsius) bíi ti orí iná. Pẹ̀lú ọmọrí 1.1, omi lásán gan-an á dé nǹkan bíi 120 kó tó hó. Ọmọrí tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó á jẹ́ kí rédíátọ̀ tuntun pàápàá máa tu omi dànù.

Ẹ kó ìwọ̀nyí sílẹ̀: sípánà tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì 10 àti 12, púláyà, sùkúdíráfà pẹlẹbẹ, abọ́ tó lè gba omi lítà mẹ́wàá, páálí tó fẹ̀ tó rédíátọ̀, àkísà, àti bóòtù kékeré méjì tó lè di ẹnu họ́ọ̀sì ọ́ìlì jíà pa. Kúláǹtì ògidì (èyí tí wọn kò tíì pò mọ́ omi) lítà mẹ́rin. Omi tí kò ní èròjà kankan nínú, lítà mẹ́rin sí márùn-ún (a ó sọ̀rọ̀ lórí omi nísàlẹ̀). Ọ́ìlì jíà lítà kan, irú èyí tí wọ́n kọ sára ọ̀pá géèjì jíà yín gan-an, kì í ṣe èyí tí alátà bá ní lórí igbá. Ẹ fún họ́ọ̀sì òkè àti ti ìsàlẹ̀ wò: èyí tó bá rọ̀ jù tàbí tó ń sán lójú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbé ọkọ̀ sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Omi rédíátọ̀ tó ti kọjá 100 tí ọmọrí sì ń tì mọ́lẹ̀, ìṣẹ́jú tí ẹ bá ṣí i ló máa hó, ojú àti ọwọ́ yín ló sì máa fò sí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì −. Ẹ wá wo abẹ́ rédíátọ̀: ike kékeré kan wà níbẹ̀ tó ní etí bíi ti labalábá. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ yí i sósì díẹ̀díẹ̀. Ike yìí máa ń kán lára rédíátọ̀ tó ti gbó, nítorí náà bí ó bá le, ẹ má bá a jà. Họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni kí ẹ yọ, kí omi gbabẹ̀ jáde. Ẹ wọn iye tó jáde. Ẹ má dà á sí gọ́tà: kúláǹtì dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ewúrẹ́ àdúgbò á lá a, ọmọdé náà lè tọ́ ọ wò. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí ni kí ẹ rọ ọ́ sí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi púláyà sún kílíìpù họ́ọ̀sì sẹ́yìn, kí ẹ fi ọwọ́ lọ́ họ́ọ̀sì náà sọ́tùn-ún sósì títí á fi yẹ̀, kí ẹ tó fà á. Ẹ má fi sùkúdíráfà yọ ọ́ bí ẹni ń yọ ìgbín nínú ìkarahun. Ẹ ó kàn dá ihò sí họ́ọ̀sì tí ẹ ṣì fẹ́ lò ni. Bí ẹ ti ń yọ họ́ọ̀sì ọ́ìlì jíà kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì pupa á bẹ̀rẹ̀ sí dà. Ẹ ti bóòtù bọ ẹnu rẹ̀ kíá, kí ẹ sì nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa, kí yanrìn má ráàyè wọlé. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì wáyà fáànù, ẹ tú bóòtù tó dì í mú lókè. Fáànù àti ike tó yí i ká máa ń jáde pọ̀ ni.

Kọ́ńdẹ́ńsà AC, èyí tó ń tu gáàsì AC tó sì jọ rédíátọ̀, wà níwájú rédíátọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan páìpù rẹ̀, gáàsì tó ní agbára wà nínú rẹ̀. Ẹ ki páálí bọ àárín àwọn méjèèjì kí ewé alumíníọ̀mù wọn má ha ara wọn. Bí ẹ bá rí i pé bóòtù so kọ́ńdẹ́ńsà mọ́ rédíátọ̀, ẹ tú u, kí ẹ fi okùn so kọ́ńdẹ́ńsà mọ́ irin iwájú ọkọ̀; ẹ má jẹ́ kó rọ̀ sórí páìpù rẹ̀. Ẹ wá tú irin kékeré méjì tó di orí rédíátọ̀ mú, kí ẹ fà á sókè tààrà.

Ẹ dúró díẹ̀ níbí. Rọ́bà méjì wà nísàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ rédíátọ̀ jókòó lé. Nígbà mìíràn wọ́n á lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́, wọ́n á bá a jáde, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti bá a dé ọwọ́ àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́mù lẹ ó tó rántí wọn. Ẹ kà wọ́n. Rédíátọ̀ tó bá jókòó sórí irin láìsí rọ́bà á máa gbọ̀n, pẹ̀lú irú kòtò tó wà lójú ọ̀nà wa, ike rẹ̀ kò ní pẹ́ sán bíi ti àkọ́kọ́. Kí ẹ tó gbé tuntun wọlé, ẹ fi omi tí kò le fọ kọ́ńdẹ́ńsà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Eruku ọyẹ́ àti kòkòrò tó máa jáde níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ mọ́tò, ó ń tẹ ewé rẹ̀ pọ̀.

Bí ẹ ṣe tú u lẹ ó ṣe tò ó padà. Ọrùn rédíátọ̀ ní ibi tó wú yí ká bí òrùka. Họ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọjá ibẹ̀, kílíìpù á sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe lórí rẹ̀. Bí ẹ bá lo kílíìpù onísíkúrúù, ẹ fún un débi tí rọ́bà bá bẹ̀rẹ̀ sí wú díẹ̀ lẹ́bàá irin, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ọrùn ike ni, kì í ṣe bàbà.

Omi rírọ̀ ló kù. Ẹ́ńjìnnì yìí àti rédíátọ̀ rẹ̀ jọ ń gba nǹkan bíi lítà mẹ́fà àtààbọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ fà jáde kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí omi ṣẹ́kù sínú ẹ́ńjìnnì. Omi lásán tí ẹ ti ń bù sí i láràárọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú èyí tó ṣẹ́kù. Nítorí náà, tí ẹ bá lọ rọ kúláǹtì tí wọ́n ti pò sílẹ̀, á fẹ́lẹ́ jù. Ògidì lítà mẹ́ta àti díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí i, kí ẹ wá fi omi kún un. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á fi pé ìdajì-ìdajì.

Ẹ kọjú ọkọ̀ sí ibi tó ga, kí ọrùn rédíátọ̀ ga ju ibi yòókù lọ, kí ẹ fi igi di ẹ̀yìn táyà. Ẹ so bátìrì padà, ẹ ṣí hita sí gbígbóná pátápátá. Hita tí a kì í lò ní Ìlọrin, ọjọ́ rẹ̀ nìyí. Láì tíì dé ọmọrí, ẹ sítáàtì, ẹ má tẹ súrọ́tù. Ẹ fi àkísà di ọwọ́ mú họ́ọ̀sì òkè, kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rí i tí afẹ́fẹ́ ń hó jáde lẹ́nu rédíátọ̀, omi á máa lọ sílẹ̀, ẹ ó máa fi kún un. Bí ó bá gbóná tó nǹkan bíi 82, tẹmọsítáàtì, ìdérí kékeré tó ń dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, á ṣí: họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó tutù tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi ẹnu rédíátọ̀ á sì rì wọlé lójijì. Ẹ tètè kún un. Tí ìhó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ dé ọmọrí, kí ẹ jẹ́ kí fáànù tàn kó sì kú lẹ́ẹ̀mejì. Bí hita bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù nígbà tí géèjì ń gòkè, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ pa á, kó tutù, kí ẹ tún un ṣe.

Ọ́ìlì jíà náà ńkọ́? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná tó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé jíà láti P dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tún gbé e padà, kí ẹ wá fa ọ̀pá géèjì yọ. Ojú ibi tí wọ́n kọ HOT sí ni ẹ ó wò. Lárààárọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ wo omi nígbà tó bá tutù.

Mo pààrọ̀ rédíátọ̀ Camry mi (2004, ẹ́ńjìnnì 2.4), ó ṣì ń gbóná. Láti Ọ̀fà dé Ìlọrin kò sí nǹkan kan, àfi bí mo bá wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni géèjì á máa gòkè. Mẹkáníìkì ní kí n yọ tẹmọsítáàtì dànù, pé ilẹ̀ gbígbóná ò nílò rẹ̀. — Bàbá Ìbejì, Ọ̀fà

Bàbá Ìbejì, àlàyé yín ti mú olè náà. Lójú títì, afẹ́fẹ́ tí ọkọ̀ ń sáré pàdé ló ń tu rédíátọ̀ lára. Bí ẹ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ sítáàtì, ẹ tan AC, ó yẹ kí fáànù máa yí. Ẹ gbé bébà kan síwájú kọ́ńdẹ́ńsà: ó yẹ kó fà á mọ́ra. Tí ó bá ń tì í dànù, rewáyà ti pa wáyà fáànù dà, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná pàdé èyí tó ń bọ̀. A máa ń rí èyí lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ mọ́tọ̀ fáànù. Bí kò bá yí rárá, ẹ wo fíúsì àti rílè rẹ̀, kí wọ́n sì gbé iná tààrà láti bátìrì lọ bá mọ́tọ̀ náà. Bí ó bá yí, kì í ṣe òun ló kú. Ẹ tún wo ike tó yẹ kó yí fáànù ká. Àwọn kan máa ń jù ú nù nítorí pé ó ń dí wọn lọ́wọ́, láìmọ̀ pé òun ló ń mú kí fáànù fa afẹ́fẹ́ gba gbogbo ojú rédíátọ̀ kọjá, dípò ojú ibi tí abẹ́ rẹ̀ dé nìkan.

Ká ní òdìkejì ni, tó ń tutù nínú ìlú tó sì ń gbóná lórí eré tàbí lórí òkè, rédíátọ̀ tó dí, wọ́tà pọ́ǹpù, tàbí họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ tó ń pa ẹnu dé lórí eré là bá ní kí ẹ wò.

Ti tẹmọsítáàtì, ẹ dá a padà síbẹ̀. Ooru ilẹ̀ wa kò dé 82 láéláé. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in á pẹ́ kó tó gbóná débi tó yẹ, epo ló sì máa jẹ. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì kan, ó ń burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: tẹmọsítáàtì tó bá ṣí ló ń di ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì, bí kò bá sí níbẹ̀, apá kan omi kò ní dé rédíátọ̀ mọ́. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí sítóòfù: ẹ fi òwú gbé e kọ́ sínú ìkòkò omi kó má kan ìdí ìkòkò, ẹ tan iná. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí omi bá ń hó tó ṣì pa ẹnu mọ́, ẹ jù ú nù, ẹ ra òmíràn.

Ohun kan kù nípa ẹ́ńjìnnì 2.4 yẹn. Bóòtù tó di orí ẹ́ńjìnnì mú máa ń fa tírẹ́ẹ̀dì inú búlọ́ọ̀kù yọ, pàápàá lápá ẹ̀yìn, omi á sì máa jò níbẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí fáànù bá ń ṣe dáadáa tí omi sì ń dín, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó ra rédíátọ̀ kẹta.

Irú omi wo gan-an ló yẹ? Bóòhóòlù la ní nílé. Ṣé àwọ̀ kúláǹtì ṣe pàtàkì? — Olùkọ́ kan, Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ wo ìdí kẹ́tùrù tí ẹ fi ń se omi tíì. Èépá funfun tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ ni omi bóòhóòlù ń lẹ̀ mọ́ inú rédíátọ̀, ihò ti rédíátọ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ púpọ̀. Omi tí wọ́n ń tà fún bátìrì ló dára jù, èyí tí wọ́n ti fi ooru yọ gbogbo èròjà inú rẹ̀. Ẹ ka ara ìgò rẹ̀ dáadáa o, nítorí ásíìdì bátìrì wà nínú irú ìgò kan náà. Píọ́ wọ́tà sàn ju bóòhóòlù lọ bí ọ̀nà bá há yín mọ́, ṣùgbọ́n èròjà ṣì wà nínú rẹ̀.

Omi nìkan kò tó. Ilẹ̀ wa kì í di yìnyín, òtítọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe nítorí yìnyín la ṣe ń lo kúláǹtì níbí: ó ń dènà ìpẹtà, kò jẹ́ kí alumíníọ̀mù jẹrà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ní ti àwọ̀, aró lásán ni. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń yan tirẹ̀, nítorí náà, ẹ má sọ pé pupa jọ pupa kí ẹ dà wọ́n pọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì lẹ ó tẹ̀lé. Bí ẹ kò bá mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀, ẹ fà á jáde tán kí ẹ tó rọ òmíràn.

Peugeot 504 bàbá wa ṣì ń rìn. Rédíátọ̀ bàbà rẹ̀ ń jò díẹ̀. Ẹnì kan ní ká fi alumíníọ̀mù dípò. — Òmù-Àrán

Ẹ má ṣe é. Bàbà gbà kí wọ́n fi òjé jó o, alumíníọ̀mù olórí ike kò gbà á. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń jó rédíátọ̀, kó yọ orí rẹ̀ kúrò, kó fi irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ihò kọ̀ọ̀kan kọjá kó lè yọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀, kó tó jó o padà. Bí ó bá jẹ́ pé ibi tó ń jò nìkan ló fẹ́ jó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Mo ra rédíátọ̀ tòkunbọ̀ ní oṣù tó kọjá. Lónìí mo ṣí i, omi inú rẹ̀ ti dà bíi sóbò tí wọ́n da mílíìkì sí. Jíà ọ́tò ni. — Gaa Akanbi, Ìlọrin

Ẹ má sítáàtì rẹ̀ mọ́. Páìpù tó ń tu ọ́ìlì jíà nínú ìsàlẹ̀ rédíátọ̀ náà ti là, ọ́ìlì àti omi ti dàpọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ọ́ìlì lè ti ara rẹ̀ sínú omi. Bí ẹ bá pa á nígbà tó gbóná, omi ló ń ti ara rẹ̀ sínú jíà. Omi yìí sì ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ àwọn pẹlẹbẹ inú jíà pọ̀.

Ẹ fa ọ̀pá géèjì jíà yọ. Tí ọ́ìlì orí rẹ̀ bá ṣì pupa tó mọ́ gaara, ẹ ti rí àánú gbà: rédíátọ̀ mìíràn, kí ẹ fi omi fọ inú ẹ́ńjìnnì títí ọ̀rá kò fi ní jáde mọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ họ́ọ̀sì, nítorí rọ́bà tó bá mu ọ́ìlì máa ń wú, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ó bá jẹ́ pé mílíìkì pupa náà ló wà lórí ọ̀pá, ẹ wọ́ ọkọ̀ lọ, ẹ má wà á. Dídà ọ́ìlì jáde lẹ́ẹ̀kan kò tó, torí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú kọnfátà (ẹ̀rọ tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà), ibi tí kò ti lè ṣàn jáde; wọ́n á rọ tuntun, wọ́n á dà á, ó kéré tán ní ìgbà mẹ́ta, títí á fi jáde ní pupa. Ẹ sọ fún ẹni tó bá máa ṣe é pé kó fọ họ́ọ̀sì ọ́ìlì jíà méjèèjì náà kó tó so wọ́n mọ́ rédíátọ̀ tuntun.